Òkè àti omi ilẹ̀ wa: Ìgbafẹ́ tó ń ṣe ara lóore, àmọ́ tó gba ọgbọ́n

Lọ́dún 2024 ni ìyá ọkọ mi pè wá lórí fóònù láti ìlú wọn lágbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ yìí ń wú o. Tí mo bá sì dìde, òòyì ń kọ́ mi." Ọjọ́ kejì la gbé wọn dé ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, 170 lórí 100 ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wá, nítorí obìnrin tá a mọ̀ sí ẹni tó lágbára ju gbogbo wa lọ nílé ni.

Dókítà kọ oògùn fún wọn, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ó wá bi wọ́n léèrè pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe lójúmọ́?" Màmá wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Dókítà, oko mi wà lẹ́yìn òkè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé, mi ò lọ sẹ́yìn òkè mọ́. Orí àga ni mò ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó jẹ́ pé kí àwa tó jí lówùúrọ̀ ló ti gun òkè, tó ti ṣáko, tó sì ti já ewébẹ̀ bọ̀, ìbẹ̀rù ló so ó mọ́ àga. Dókítà kò sọ pé àìrìn nìkan ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ọjọ́ orí, iyọ̀ àti ìrònú wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ ó sọ ọ́ kedere pé ara tó ti ń rìn fún ọgọ́ta ọdún, tó wá dúró lójijì, kò ní ṣàì ké.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí òkè àti omi ilẹ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìgbafẹ́ ni kéèyàn wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ jókòó sétí òkun, kó máa mu ohun tútù. Bẹ́ẹ̀, Olọ́run ti fi ohun tí àwọn mìíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò sí ẹ̀yìn ilé wa. Kí la lè rí níbẹ̀? Kí ló ń ṣe fún ara? Báwo ni ìdílé ṣe lè lọ kó sì padà láyọ̀, pàápàá lásìkò tí ọ̀nà kò fi gbogbo ara dára yìí?

Òkè ló gba àwọn baba wa là

Ẹni tó bá rìn láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọ́fà, tó gba Odò-Ọ̀wà, tó sì dé Òsì, á mọ̀ pé kò sí ibi téèyàn máa yíjú sí tí kò ní rí òkè. Àwọn kan ga bí ilé alájà mẹ́wàá, àwọn kan tẹ́jú bí orí ẹ̀yìn erin, àwọn kan sì wà láàárín ìlú gan-an tí àwọn obìnrin máa ń sá ẹ̀lùbọ́ sí.

Ní Odò-Ọ̀wà, níjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Imoleboja. Inú àpáta náà dà bí ilé oníyàrá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé nígbà ogun, inú rẹ̀ làwọn èèyàn máa ń kó ọmọ àti aya wọn sá sí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yani lẹ́nu, nítorí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Nupe, ti Ìlọrin àti ti Ìbàdàn kò jẹ́ kí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà fojú kan oorun. Ogun Kírìjí nìkan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní òkè lẹ́yìn ló ní ilé.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òndó. Orí òkè gan-an ni gbogbo ìlú wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àárín ọdún 1920 sí 1940 ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún.

Ohun tó wá dunni níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa sá lọ sókè nítorí ogun, àwa ń sá fún òkè nítorí ajínigbé. Tí a kò bá sì ṣọ́ra, àwọn ọmọ tá a ń bí lónìí kò ní mọ òkè ìlú wọn ju ibi ẹ̀rù lọ.

Kí ni òkè àti omi ń ṣe fún ara?

Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lo ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ọjọ́ 5, 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni. Kì í ṣe dandan kéèyàn sáré tàbí kó ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìrìn tó yá díẹ̀ ti tó. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn náà tó ni pé ẹ máa lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ ò ní lè kọrin.

Gígun òkè tún ju ìrìn ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Itan àti ìdí ń ṣiṣẹ́, ọkàn ń fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa, eegun ń le, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń rí ibi tó máa lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é déédéé, oorun rẹ̀ máa ń dán mọ́rán. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á rí i pé oògùn òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn pa oògùn tì o.

Ọ̀rọ̀ ọkàn náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1982, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó lórílẹ̀-èdè Japan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa wọ inú igbó lọ rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹyẹ, kí wọ́n sì máa mí afẹ́fẹ́ igi sínú. Àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà ṣàkíyèsí pé ara àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ńkọ́? Ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ lọ sí Madeira, erékùṣù olókè kan tó wà láàárín òkun, kí wọ́n lè rìn létí ojú ọ̀nà omi tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ là gba ara òkè kọjá láyé àtijọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń ná sí i. Ẹ ò rí i pé ohun tí Màmá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀ gan-an nìyẹn?

Àwọn ibi tó yẹ kí ìdílé mọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Omi Òwu wà ní Ọ̀wà-Kájọlà, níjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní gúúsù Kwara kan náà. Láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 100 mítà ni omi náà ti ń já wálẹ̀ ṣọ̀ọ̀ sínú adágún kan nísàlẹ̀. Kéèyàn tó rí i ló ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Tí ẹ bá dúró ní nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀ sí i lásìkò òjò, ìrì rẹ̀ á rin yín gbindin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà máa ń dín kù. Àsìkò tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, ló dára jù, nítorí omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ibi tí kò la òkè gígùn lọ ni Èsìẹ́, níjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 1000, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, tí ọ̀pọ̀ wọn jókòó bí ẹni tó ń ṣèpàdé. Lọ́dún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà nínú ìdílé yín, tàbí obìnrin tó lóyún, ibẹ̀ ni kí ẹ mú wọn lọ. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á jókòó díẹ̀, àwọn ọmọ á sì rí ohun tí wọ́n máa béèrè títí tẹ́ ẹ máa fi délé.

Tẹ́ ẹ bá wọ ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹ ó bá Ìkògòsì pàdé. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń ṣàn níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì pàdé lójú kan, tí olúkúlùkù ṣì mú ìwà rẹ̀ dání. Ẹ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ ti ẹsẹ̀ òsì bọ èyí tó tutù. Omi gbígbóná náà kì í jóni o, bí ìgbóná ara èèyàn ló ṣe rí, ó sì ń tu iṣan tó ti rẹ̀ lára. Kò jìnnà síbẹ̀ ni omi Àrinta, ní Ìpólé-Ìlórò, tóun náà ń já láti orí àpáta.

Olúmirìn tó wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Ìpele méje ló ní. Ìpele àkọ́kọ́ kò le, ọmọdé lè dé ibẹ̀. Àwọn ìpele tó kù ga, wọ́n sì ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó dúró ṣinṣin, kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn dúró sí àkọ́kọ́, kó jókòó, kó jẹ̀pà rẹ̀. Ti Ìdànrè tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ ó gùn kẹ́ ẹ tó dókè, àmọ́ wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe lágbára tó, àtẹ̀gùn yẹn á sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà

A ò ní tan yín jẹ. Agbègbè tá à ń sọ yìí ti rí ìbànújẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò, níjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, wọ́n pa ọba ìlú náà, wọ́n sì jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erùkù, níjọba ìbílẹ̀ kan náà, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ olùjọsìn lọ kí wọ́n tó padà gba òmìnira. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ kó ọmọ sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ sáré lọ sí ẹ̀yìn òkè èyíkéyìí láìbéèrè, kò fẹ́ràn yín.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pe ẹni tó ń gbé ní ìlú náà gan-an lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kì í ṣe ẹni tó lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bó bá ní "ẹ má tíì wá," ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Òkè kò ní sá lọ. Ìkejì, ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́ta tó lù, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ìkẹta, ẹ yà lọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ní ààfin, kí ẹ sọ pé ẹ dé, kí wọ́n fún yín ní ọ̀dọ́ tàbí ọdẹ tó mọ ọ̀nà. Èyí tún jẹ́ ọ̀wọ̀, nítorí àwọn òkè kan wà tó jẹ́ ojúbọ, tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò gùn ní ọjọ́ kan.

Ìkẹrin, ẹ má ṣe dá lọ. Kí ẹ pọ̀, kí ẹnì kan nílé sì mọ aago tẹ́ ẹ máa dé. Ìkarùn-ún, fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà, ẹ má tíì gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp títí ẹ ó fi délé. Ẹ má ṣe sọ fún gbogbo ayé pé ilé yín ṣófo, pé orí òkè báyìí lẹ wà. Ìkẹfà, kí nọ́ńbà 112 tí wọ́n fi ń ké gbàjarè wà lórí fóònù yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tẹ̀ṣọ̀n àti ti àwọn fijilanté ibẹ̀.

Tí ọ̀nà Òwu kò bá dára lọ́dún yìí, ẹ lọ sí ibòmíràn tí wọ́n bá ní ó dára, ibi tí èèyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí ẹ̀ṣọ́ sì wà. Kì í ṣe ojo ni ẹni tó bá dúró de ọjọ́ tó dára.

Omi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún 2009, a kó àwọn ọmọ lọ síbi omi kan tó ń já láti orí àpáta. Àkọ́bí wa ọkùnrin kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà dání, mò ń sọ fún un pé, "Sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí omi lè hàn." Ó sún sẹ́yìn. Ohun tí mo tún rí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè, tó ń yọ̀ lọ sínú adágún. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ló fò mú un lẹ́wù. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, àmọ́ títí dòní, tí mo bá rí fọ́tò yẹn, àyà mi á já.

Ọkọ mi kò bú mi. Ó kàn sọ pé, "Ìyá ọmọ, fọ́tò kò tó ọmọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Òkúta tó wà létí omi máa ń ní ohun tútù aláwọ̀ ewé lára, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Adágún tó wà nísàlẹ̀ omi tó ń já lè jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ, omi tó ń bọ́ sínú rẹ̀ sì lè tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, títí kan ẹni tó mọ odò wẹ̀. Ẹ má ṣe fò sínú rẹ̀, ẹ má sì wẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń já gan-an, nítorí òkúta tàbí igi lè bá omi bọ̀ láti òkè. Tí ojú ọ̀run bá ṣú níhà ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, kódà bí oòrùn bá ń ràn lórí yín, ẹ jáde kúrò nínú omi. Òjò tó rọ̀ lókè lè mú kí odò kún lójijì. Kí àgbàlagbà kan máa ṣọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà má sì gbé fóònù dání.

Kòkòrò, ejò àti omi mímu

Odò tó ń sáré lórí òkúta ni eṣinṣin dúdú kékeré kan máa ń yé ẹyin sí. Ọ̀sán ló máa ń jẹni, ibi tó bá jẹ á sì wú, á máa yún. Tó bá ń jẹ èèyàn lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù àti ọdún, ó lè gbé aràn kékeré kan sí i lára, èyí tó máa ń ba awọ ara jẹ́, tó sì lè fọ́ ojú pátápátá. Àlejò ọjọ́ kan kò ní í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù, àmọ́ kí ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí irú odò bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń pín oògùn Mectizan, ẹ gbà á kẹ́ ẹ sì lò ó. Láti ọdún 1987 ni iléeṣẹ́ Merck tó ń ṣe é ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn á máa fi í sílẹ̀ fún àrùn yìí, nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Omi tó dúró sójú kan, tí ìgbín inú omi pọ̀ sí, yàtọ̀ sí ti òkè yìí. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kó àtọ̀sí ajá, tí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ odò, ẹ má ṣe fi àgbo falẹ̀, oògùn rẹ̀ wà lọ́sibítù.

Ejò fẹ́ràn ibi tí òkúta ti gbóná. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ inú ihò, ẹ má sì jókòó láìkọ́kọ́ wo ibẹ̀. Bí ejò bá bu èèyàn ṣán, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà tó wà níbẹ̀ kó tó wú, kí ẹni náà má rìn mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Omi orí òkè mọ́ lójú, àmọ́ màlúù àti ẹranko ń mu lókè rẹ̀. Ẹ gbé omi mímu láti ilé wá.

Ẹrù tí ẹ máa dì

Omi mímu ló ṣáájú. Ó kéré tán, kí àgbàlagbà kan ní lítà méjì. Oúnjẹ tí kò tètè bàjẹ́ ló yẹ: ẹ̀pà sísun, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, búrẹ́dì, ẹyin sísè, àkàrà òwúrọ̀ náà tẹ́ ẹ bá máa jẹ ẹ́ kí oòrùn tó kàn tàrí. Mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ tó bá wà nínú kúlà láti àná máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ooru. Ní ti iyán, gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ Èkìtì kì í fi iyán ṣeré, àmọ́ ẹ fi tiyín sí ìgbà tẹ́ ẹ bá padà délé. Ẹni tó bá kún ikùn fún iyán kò lè gun òkè, oorun ló máa gùn.

Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, ẹ fi sílípáàsì sílẹ̀. Ẹ mú fìlà, aṣọ tí ẹ máa pààrọ̀, ṣálúbàtà tí ẹ máa fi padà, báńdéèjì, oògùn tí dókítà kọ fún yín, àti ọ̀rá kan tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí. Ọ̀rá píọ́wọ́tà tẹ́ ẹ bá jù sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ọmọ yín ló máa bá a.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru yín kò bá tíì rọlẹ̀, bí àyà bá máa ń dùn yín tàbí tí èémí ń ṣe yín tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ẹ má tíì gun òkè kankan títí dókítà á fi rí yín. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ mú ohun dídùn díẹ̀ dání, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò tó bá délé. Ẹni tó ní àsímà kò gbọ́dọ̀ fi oògùn tó ń fà símú sílé. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kó má sì kó sínú omi tútù lójijì, nítorí ìrora rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń gòkè, tí òòyì kọ́ ọ tàbí tí àyà rẹ̀ ń dùn ún, kó jókòó lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó kọ́kọ́ dókè.

Màmá ńkọ́?

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Màmá yọrí sí. Wọn ò tíì padà sí oko ẹ̀yìn òkè, àwa náà kò sì sọ pé kí wọ́n lọ. Àmọ́ àpáta kan wà láàárín ìlú, lẹ́yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò ga púpọ̀, tí ojú gbogbo ará àdúgbò sì tó. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti rọlẹ̀, tí dókítà ti gbà fún wọn, Màmá pe ìyá Kátólíìkì kan àti àlùháájà kan tí wọ́n jọ dàgbà. Aago méje àárọ̀ làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pàdé. Wọ́n ń gùn ún jẹ́jẹ́, wọ́n ń jókòó sókè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Nígbà tá a lọ kí wọn kẹ́yìn, 138 lórí 84 ni ẹ̀rọ sọ. Oògùn wọn ṣì ń bẹ, wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Wọ́n mú àbígbẹ̀yìn wa lọ́wọ́ gun àpáta náà, wọ́n nawọ́ sí òkè ńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Ibẹ̀ yẹn ni ìyá ìyá mi sápamọ́ sí nígbà ogun. Ọjọ́ kan ń bọ̀, wàá bá mi dé ibẹ̀."

Ọmọ náà béèrè pé, "Ìgbà wo, Màmá Àgbà?"

Màmá ní, "Tí ọ̀nà bá ti dára. Kí ẹsẹ̀ wa ṣáà ti wà ní sẹpẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyẹn náà la ní kí ẹ gbọ́. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mí wewu, ẹ má sì ṣe jókòó títí ara á fi gan. Òkè kékeré tó wà nítòsí yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ lọ́la.